Ẹ Tẹ́ Máàpù Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí bàbá àti ìyá yín ń kọ́ ní ilé, mo gbọ́ pé ẹ ti ka ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tán. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ìka tọ ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà nínú yín?

Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ẹ wá agbègbè Ìsẹ́yìn, nítorí apá ibẹ̀ ni Òṣoogùn wà, níbi tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821. Ẹ fa ìlà dé Èkó, kí ẹ wá gba orí òkun dé Freetown, níbi tí ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ìgbà náà ni yóò yé yín bí ọ̀nà ti jìn tó, kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846.

Iṣẹ́ Ọlọ́run ni ìdáǹdè rẹ̀, mo gbà. Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó tú ìjọba Ọ̀yọ́ ká tí wọ́n fi rí i kó lẹ́rú, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń ra ẹrú létíkun. Àwọn Potogí tó rà á, Kristẹni ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ má fo ojú ewé yẹn o, bí òbí yín tilẹ̀ fẹ́ ṣí i kọjá.