Bí asẹ́ omi ilé yín bá bàjẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gbé Monrovia, ẹ fetí sí mi. Láti 1990 tí ogun abẹ́lé ti ba ilé iṣẹ́ omi White Plains jẹ́, kànga àti omi òjò ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Òjò ìlú yẹn kì í ṣe kékeré. Bí àgbàrá bá wọ kànga, ẹ̀gbin ṣáláńgá lè bá a wọlé.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ asẹ́ omi yín. Bí omi bá ṣàdédé ń yára gba inú rẹ̀ kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má yọ̀. Ẹ tú asẹ́ náà, kí ẹ yẹ ọ̀pá alámọ̀ funfun inú rẹ̀ wò nínú oòrùn. Bó bá ti sán, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Òmíràn ni kí ẹ rà. Bó bá kàn dí ni, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi mímọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láìsí ọṣẹ. Ẹ wo rọ́bà ìdí nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni omi àìmọ́ máa ń yọ́ gbà.

Kí ẹ tó rí òmíràn rà, ẹ se omi kó hó kùdùkùdù fún ìṣẹ́jú 1. Bí kò bá sí ohun ìdáná, ẹ kán bílíìsì tí kò ní lọ́fínńdà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú 100, ẹ̀kán 2 sínú lítà omi kan tó mọ́ gaara, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwọ̀n kiloríìnì tí a fi ń fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà Ebola ní 2014 ṣe omi mímu. Ó le jù fún ọ̀fun. Bí ẹ bá wá ti ra ọ̀pá tuntun, omi àkọ́kọ́ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ dà á nù.