“Ó Rẹ̀ Mí” Yàtọ̀ sí “Ó Sú Mi”

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni òfin ilẹ̀ Japan ti sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè láti máa ṣe àyẹ̀wò másùnmáwo fún wọn lọ́dọọdún. Ìwé ìbéèrè tí ìjọba wọn dábàá ní ìbéèrè 57, 29 nínú rẹ̀ sì dá lórí ohun tí iṣẹ́ ń fi ara àti ọkàn èèyàn ṣe. Bí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń sọ Yorùbá, ìbéèrè wo ni yóò mú òótọ́ jáde?

“Ṣé másùnmáwo ń bá yín fínra?” kò lè mú un jáde. “A dúpẹ́” ni ìdáhùn Yorùbá sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kódà bí omijé bá wà lójú ẹni tó ń dáhùn.

Ẹ tẹ́tí sí ohun tí òṣìṣẹ́ ń sọ nígbà tí kò sí ọ̀gá nítòsí. “Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu”: ara ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, oorun àti ìsinmi sì lè tó o. “Iṣẹ́ yìí ti sú mi” jìnnà sí ìyẹn. Ẹni tí nǹkan sú lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kó sì padà dé pẹ̀lú ìsúni náà, torí ọkàn rẹ̀ ti kúrò nídìí iṣẹ́. Nígbà tó bá wá di “Ayé sú mi”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi “Gbogbo wa náà la wà ńbẹ̀” dá a lóhùn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti gbọ́ tí àwọn akọ̀ròyìn ń lo gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ó sì ń dùn mí.

“Ó sorí kọ́” náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ohun tí ẹni tó ń wò lókèèrè rí ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè máa rẹ́rìn-ín, kó jẹ́ pé “Ọkàn mi ò balẹ̀” tàbí “Mi ò rí oorun sùn” ni yóò sọ.

Ẹ má sì pe àyẹ̀wò yìí ní ìdánwò. Ìdánwò ní yíyege, ó sì ní fífìdí rẹmi. Ta ló fẹ́ fìdí rẹmi níwájú ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀? Ní Japan, wọn kì í fi ipá mú òṣìṣẹ́ ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fún lésì, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ rí i àfi bí òṣìṣẹ́ náà bá yọ̀ǹda. Bí másùnmáwo rẹ̀ bá pọ̀, tó sì béèrè fún dókítà, dandan ni kí ilé iṣẹ́ ṣètò rẹ̀.

Òfin náà tún ń rọ ilé iṣẹ́ láti wo èsì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lápapọ̀. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: bí oorun bá dá lójú gbogbo ẹ̀ka kan, iṣẹ́ ibẹ̀ ló yẹ ká tún ṣe. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ “Kí ló ń ṣe yín?” nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó ti di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ kó tó dáhùn. “Kí lojú yín ń rí lẹ́nu iṣẹ́?” ni kí wọ́n kọ síbẹ̀.