Ìtàn Tí A Fi Tẹ Àbújá Dó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, a máa ń mú kí wọn kọ́ orúkọ àwọn olú ìlú sórí. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a bi wọ́n léèrè ìdí tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi rí bí ó ti rí. Ẹ jẹ́ kí a wo Àbújá.

Ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1970 ti fi hàn bí ìṣọ̀kan Nàìjíríà ti rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Aguda jókòó ní ọdún 1975 lórí ọ̀ràn olú ìlú, kì í ṣe há tí Èkó há nìkan ni wọ́n rò. Wọ́n wá ilẹ̀ ní àárín gbùngbùn, èyí tí ẹ̀yà ńlá kankan kò lè pè ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, òfin ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀.

Ìtàn ìṣọ̀kan yìí kan náà ni àwọn ayàwòrán ìlú gbé ka orí ìwé. Àwòrán gbogbo ìlú parí ní ọdún 1979, Kenzo Tange ará Jàpáànì sì ya ti àárín rẹ̀. Òpópó gbọọrọ kan dojú kọ àpáta Aso. Ilé aṣòfin wà ní orí rẹ̀, ààfin Ààrẹ àti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mọ́sálásí ńlá àti ilé ìsìn ńlá ti àwọn Kristẹni kọjú sí ara wọn, ọ̀nà kan ni ó là wọ́n láàárín. Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú èyí.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ilẹ̀ náà ṣófo bí? Àwọn Gbagyi, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Gwari, ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àwọn ẹ̀yà kékeré mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn. (Orúkọ Àbújá pàápàá, ìlú mìíràn ni ó ni ín tẹ́lẹ̀, èyí tí a wá ń pè ní Suleja.) Ìjọba kọ́kọ́ pinnu láti kó gbogbo wọn kúrò; nígbà tí wọ́n rí i pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n gbà kí ẹni tí ó bá fẹ́ dúró. A kó àwọn ará Wuse lọ sí Sabon Wuse, orúkọ abúlé wọn sì kù sí ìgboro tí a kọ́ sórí ilẹ̀ wọn. Abúlé Garki kò kúrò. Ó wà láàárín àwọn ilé gíga títí di òní.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀. Bí a bá fún mi ní máàpù Àbújá láti fi kọ́ kíláàsì, abúlé Garki ni èmi yóò kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí, kí n tó dé ilé aṣòfin.