Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Táyà tó yẹ ọkọ̀ tí wọ́n fi kún agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀

Ojú ọ̀nà tó gba Kọ́bapẹ́ kọjá, láti Abẹ́òkúta sí Ṣíun títí dé Ṣágámù, kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń wọ́n. Trélà eléru, bọ́ọ̀sì akérò àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló jọ ń du ọ̀nà náà. Láàrin wọn ni ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ràn eré wà, àwọn tó yọ ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́rin tí wọ́n fi V6 tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀, tàbí tí wọ́n so tọ́bò mọ́ èyí tó wà níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á náwó sórí ẹ́ńjìnì, á náwó sórí jíà, ṣùgbọ́n tó bá kan táyà, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ní ìsọ̀ ni yóò rà. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀mí ti ń bá a lọ nígbà mìíràn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnì bá ní, ara táyà ló máa gbà kó tó dé ilẹ̀. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń fara kan ọ̀dà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ èèyàn kan lọ. Bí agbára bá pọ̀ ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ yẹn lè dì mú lọ, táyà á máa yí lásán, ọkọ̀ kò ní sáré, bíréèkì náà kò sì ní mú bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ tó pọ̀ ní ìgboro ṣe àpẹẹrẹ: Toyota Camry ti ọdún 2007, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Muscle. Èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin nínú àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá ní agbára họ́ọ̀sìpáwà 158, nígbà tí V6 rẹ̀ ní 268. Ìyàtọ̀ 110 nìyẹn. Ẹni tó bá gbé V6 sínú ọkọ̀ oní-sílíńdà mẹ́rin ti fi nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá kún agbára tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n táyà tó wà lára Camry LE ni 215/60R16, ti SE sì jẹ́ 215/55R17.

Ohun tí nọ́ńbà ara táyà ń sọ

Ẹni tí kò bá lè ka nọ́ńbà wọ̀nyí, ojú lásán ló fi ń ra táyà. Nínú 215/60R16, 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 60 kì í ṣe mìlímítà ní tirẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn ló dúró fún, ìyẹn gíga ẹ̀gbẹ́ táyà láti ẹnu ríìmù dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀. Tí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, mìlímítà 129 ni. R ń tọ́ka sí bí wọ́n ṣe hun okùn inú táyà, 16 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íńṣì. Tí a bá ro ríìmù pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà lókè àti nísàlẹ̀, gíga táyà náà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 664.

Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí, 664, kò sí lára táyà, ṣùgbọ́n òun ló ṣe pàtàkì jù. Orí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gbé jíà, bíréèkì àti ago tó ń ka eré lé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé oníbàárà á dé ìsọ̀, á ní: “Ọ̀gá, mo ti fi kún ẹ́ńjìnì mi, ẹ bá mi wá èyí tó fẹ̀ jù 215 lọ.” Ọlọ́jà á gbé 235/60R16 sílẹ̀ nítorí ó wọ ríìmù 16 rẹ́gí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti lọ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé 60 kò yí padà, ẹ̀gbẹ́ táyà náà ti ga sí i. Gíga táyà ti di nǹkan bíi mìlímítà 688, ó sì ti fi ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kọjá ti àtilẹ̀wá.

Ohun mẹ́ta ni yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìkíní, nígbà tí ago bá ń ka 100, ọkọ̀ ti ń sá eré tó ju 103 lọ. Ìkejì, táyà tó ga ń dín bí ọkọ̀ ṣe ń fà kù, àfi bí ìgbà tí wọ́n fi jíà tó wúwo sí i. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó náwó láti fi kún agbára ti fi ọwọ́ òsì gba díẹ̀ padà nínú ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún rà. Ìkẹta, táyà lè máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá yí ọwọ́ tàbí tí wọ́n bá kó sí kòtò.

Ọ̀nà tó tọ́

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ táyà ń tẹ̀ lé ni pé tí fífẹ̀ bá lọ sókè, kí nọ́ńbà kejì lọ sílẹ̀, kí gíga àpapọ̀ má bàa fi ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bí onílé Camry yìí bá mú 235/50R17 lórí ríìmù 17, gíga rẹ̀ yóò jẹ́ 667. Bó bá mú 235/45R18 lórí ríìmù 18, yóò jẹ́ 669. Ó ti rí mìlímítà 20 kún fífẹ̀ táyà, gíga kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Bí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ṣe ń ṣe é nìyí. Ilé iṣẹ́ Dodge ní Amẹ́ríkà ta Challenger V6 oní-họ́ọ̀sìpáwà 305 pẹ̀lú táyà 235/55R18. Nígbà tí wọ́n ṣe Hellcat oní-707 lọ́dún 2015, wọ́n fi 275/40R20 sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe Demon oní-808 fún ọdún 2018, 315/40R18 ni wọ́n fi sí i. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé gíga táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàrin 709 sí 728. Agbára ti ju ìlọ́po méjì lọ, fífẹ̀ ti fi mìlímítà 80 lé sí i, síbẹ̀ gíga fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan.

Ìkìlọ̀ kan rèé fún oní-Camry. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti Challenger, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa Camry. Ẹni tó bá kó táyà tó fẹ̀ sẹ́yìn Camry nìkan kàn ń ṣe ọ̀ṣọ́ ni, kò sí agbára kankan tó ń gba ibẹ̀. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára dọ́gba ló dára jù.

Ríìmù náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Táyà 235 tí wọ́n fi tipátipá há sórí ríìmù tóóró á wú bíi bàlúù, ojú rẹ̀ kò sì ní tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Fún 235/45R18, ríìmù tó fẹ̀ tó íńṣì 7.5 sí 9 ló yẹ ẹ́.

Ẹrù àti eré

Lẹ́yìn ìwọ̀n, nọ́ńbà àti lẹ́tà kan tún wà níbẹ̀, bíi 94V. 94 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 670. 91 kò lè gbé ju 615 lọ. Lẹ́tà ń sọ eré tí táyà lè fara dà: T jẹ́ kìlómítà 190 ní wákàtí kan, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W sì jẹ́ 270. Àwọn kan lè bi pé kí ni èèyàn fẹ́ fi V ṣe nígbà tí òfin ìrìnnà kò fàyè gba ju 100 lọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ìdáhùn ni pé bí táyà ṣe ń fara da ooru ni lẹ́tà yẹn ń sọ pẹ̀lú. Ẹni tó fi kún agbára ẹ́ńjìnì kò gbọ́dọ̀ ra lẹ́tà tó kéré sí ti àtilẹ̀wá láé.

Ooru ló ń pa táyà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á máa ká bó ṣe ń yí, inú rẹ̀ á gbóná, á sì bẹ́. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà ni òpin ohun tó lè gbà. Kí fọ́kanáísà lo gééjì, kó má fi ẹsẹ̀ ta táyà kó sọ pé ó ti tó. Bí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ ìwọ̀n táyà, kí wọ́n bi ẹni tó mọ̀ ọ́n bóyá iye tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣì bá a mu.

Ọ̀rọ̀ táyà tó bẹ́ kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ojú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní eré àsápajù àti táyà tó bẹ́ ló fà á.

Ìṣirò owó

Láti ìgbà tí Michelin ti kógbá sílé ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń wọlé. Tòkunbọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà àlòkù ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí àjọ aṣọ́bodè fòfin dè.

Ká ní táyà tòkunbọ̀ kan jẹ́ 30,000 náírà tó sì lo oṣù mẹ́fà, tí tuntun jẹ́ 90,000 tó lo oṣù 36. Àpẹẹrẹ ni èyí, kì í ṣe iye ọjà. Tòkunbọ̀ ti gba 5,000 lóṣù, tuntun gba 2,500. Èyí tó dà bíi pé ó pọ́n dandan pé kó gbówó lérí ló rọ̀jù.

Kí olùrà wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àjọ SON fún táyà. Kó tún rántí òjò: táyà tó fẹ̀ tètè ń léfòó lórí omi bí ilà ara rẹ̀ bá ti jẹ tán.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ fi kún agbára ọkọ̀ rẹ̀ ka owó táyà mọ́ owó ẹ́ńjìnì láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí owó kò bá tó méjèèjì, táyà ni kó kọ́kọ́ rà, kí V6 dúró dìgbà tí owó bá tún dé.