Orca Ní Ọ̀rẹ́

Orca kì í ṣe ẹja. Ẹranko inú òkun ni. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn orca ló sábà ń rí. Nítorí náà, àwọn olùwádìí kan ní etí òkun Amẹ́ríkà rán dúróònù sókè. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ni. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ó sì ń ya àwòrán.

Ní ọdún 2021, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Orca a máa yan ọ̀rẹ́ nínú agbo. Àwọn ọmọdé àti abo ló so agbo pọ̀ jù.

Ní ọdún 1970, ènìyàn kó ọ̀pọ̀ ọmọ wọn lọ fún ìran wíwò. Lónìí, agbo náà kò tó 80. Ẹni tó kó ọmọdé lọ, okùn agbo ló já.

Ẹ dáhùn: Kí ni dúróònù rí tí ará ọkọ̀ kò rí?