Páìpù Omi Tó Gba Inú Gọ́tà

Ẹ jáde síwájú ilé yín lónìí, kí ẹ tẹ̀ ba wo inú gọ́tà. Ní Máfolúkù, ní Ṣógunlẹ̀, ní Òkè-Àfá, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ ó rí páìpù omi tó la gọ́tà já. Funfun ni nígbà tí wọ́n rà á, ó ti dúdú báyìí, ẹrẹ̀ àti ọ̀rá ti bò ó. Ibi tó bá ti sán, wọ́n a fi rọ́bà inú táyà wé e, wọ́n a so ó gírígírí, ó parí. Inú páìpù yẹn ni omi tí a fi ń po ògì ọmọ ti ń wá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí páìpù bá ń jò, owó lásán ló ń ṣòfò. Nígbà tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́, òótọ́ ni, nítorí agbára omi inú páìpù ń tì í síta. Àmọ́ ẹ ro ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Pọ́ńpù dákẹ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tó kù ṣàn lọ bá a, páìpù ṣófo, ó sì ń fa ohun tó yí i ká mọ́ra. Ihò tí omi gbà jáde náà ni omi gọ́tà ń gbà wọlé. Tí iná bá dé, pọ́ńpù á gbá gbogbo rẹ̀ lọ sínú táńkì. Ti ẹni tó so pọ́ńpù mọ́ páìpù ojú títì láti fi fa omi tilẹ̀ burú jù, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń fi agbára fa ìdọ̀tí wọlé, fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, ó máa mọ́" tù yín nínú. Omi lè mọ́ lójú kí onígbáméjì wà nínú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí a máa ń dà sí i kàn ń jẹ́ kó tòrò ni, kì í pa kòkòrò àrùn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ omi Ìjù, Adíyàn tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n Èkó ti dàgbà ju agbára àwọn méjèèjì lọ, kálukú sì gbẹ́ kànga tirẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ti wá dà bí ọkọ̀ ojú omi láàárín òkun: ó gbé omi mímu rẹ̀ dání, ó gbé pọ́ńpù rẹ̀ dání, ó sì gbé ìgbẹ́ rẹ̀ dání pẹ̀lú. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé kí kànga jìnnà sí sọ́kàwéè tó mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ìdajì pulọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa kọ́lé sí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 60 ní òró. Bí ẹ gbé kànga sí igun kan, tí ẹ gbé sọ́kàwéè sí igun tó dojú kọ ọ́, ẹsẹ̀ bàtà 85 ni gbogbo ẹ̀, a ò sì tíì ka ti aládùúgbò tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

Ní London lọ́dún 1854, onígbáméjì inú kànga òpópónà Broad Street pa èèyàn tó lé ní 600. Dókítà John Snow ló tọpa ikú náà dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ wò lẹ́yìn náà, kòtò ìdọ̀tí ilé kan wà nítòsí kànga yẹn, kò tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí i, bíríkì rẹ̀ sì ti jẹrà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ kọ́: ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì tún jà ní Èkó.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá onílé, kí ẹ tó gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ bi aládùúgbò pé níbo ni sọ́kàwéè tirẹ̀ wà. Kí agbẹ́kànga kọjá omi tó bá kọ́kọ́ pàdé, kó sì fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù lókè yíká. Ní ti gọ́tà, ẹ gbé páìpù gba òkè rẹ̀, ẹ tì í bọ inú páìpù tó tóbi jù ú lọ, kó má sì sí oríkèé kankan lójú gọ́tà. Pulọ́ḿbà tó bá ní rọ́bà táyà ti tó kò ṣe yín lóore. Ẹ má dá owó iṣẹ́ náà lé ayálégbé lórí, ilé yín ni.

Ẹ máa fọ táńkì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ da háípò tí kò ní lọ́fínńdà sí i, lítà 1 fún omi lítà 1000. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má mu ún, ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ kí omi náà ṣàn dànù, kí ẹ tó pọn tuntun. Ẹ má po háípò pọ̀ mọ́ oògùn ìfọṣáláńgá rárá, èéfín rẹ̀ lè pani. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú sọ́kàwéè láti kó o, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè mú un dákú kó tó pariwo.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ lítà 1 omi tó ti hó tó sì tutù, kí ṣíbí kún déédéé, kó má gogo. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.