Gọ́ọ̀mù Kì í Wo Ẹ̀tẹ̀ Ẹ́ńjìnnì

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Lójú ọ̀nà oko agbègbè Ìbàdàn, láti Mọ́níyà dé Ìjàyè, ní Lálúpọn, ní Ẹgbẹ́dá, títí kan ọ̀nà Akanran tí wọ́n ti ń kó kòkó, làpálàpá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pa lára ọ̀kadà. Ọ́ọ̀lì ń rin jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, eruku lẹ̀ mọ́ ọn. A fi àkísà nù ún, a bu ọ́ọ̀lì díẹ̀ kún un, a tún di àpò gààrí sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì Boxer tí a ń gùn kiri kì í gbà ju nǹkan bíi lítà ọ́ọ̀lì kan lọ. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti jò dànù kí a tó fura, àárín igbó ni yóò ti nọ́ọ̀kì mọ́ni lábẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú tó ń jò. Ọ́ọ̀lì a máa tanni jẹ: òkè ló ti ń bọ̀, ìsàlẹ̀ la ti ń rí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ́n pọ́dà ọmọdé sí i lára, kí ẹ gùn ún lọ gùn ún bọ̀. Ibi tí pọ́dà bá ti kọ́kọ́ rin, ibẹ̀ ni.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́fà, ẹ wo rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bí ẹrọ̀fọ̀ bá dí i, tàbí tí agbọ́n mọlé sínú rẹ̀, èémí tí kò rọ́nà jáde á máa ti ọ́ọ̀lì gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ àwọn tó ń pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún tí wọn ò wo rọ́bà yìí rí.

Kọ́fà ọ̀tún ló bo kílọ́ọ̀ṣì, ti òsì ló bo mágínẹ́ẹ̀tì. Ìṣubú lórí òkúta lè fọ́ èyíkéyìí. Ti òsì tún ní ọ̀tá mìíràn, ìyẹn ṣéènì tó dẹ̀, tó já, tó wá ká jọ síwájú. Kí ẹ tó tú kọ́fà, ẹ fa ọ́ọ̀lì sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sódò. Bóòtù kọ́fà ò gùn dọ́gba o. Ẹ ya àwòrán kọ́fà sórí páálí, kí ẹ máa ki bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ ojú àyè rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u. Bóòtù gígùn tí wọ́n fipá wé sínú ihò kúkúrú ti fọ́ ara ẹ́ńjìnnì púpọ̀.

Ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé gan-an ló ń pinnu bóyá yóò tún jò. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ máa ń lẹ̀ típẹ́, ni àwọn kan á bá gbé síkírúùdíráfà tì í. Álúmíníọ̀mù rọ̀, ibi tó bá ti ha, ọ́ọ̀lì ti rọ́nà tuntun. Ẹ ki àkísà bọ inú ẹ́ńjìnnì kí èérún má baà wọlé, ẹ fi kẹrosíìnì rẹ ojú rẹ̀, kí ẹ wá fi bíléèdì tí ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kọ́fà lé gíláàsì fèrèsé. Bó bá ń mì, ó ti wọ́ nìyẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye kankan ò sì ní dí i.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a fagbára mú ní í nini lára. Ẹ fi ọwọ́ wé gbogbo bóòtù wọlé ná, kí ẹ tó mú sípánà 8. Bí ẹ bá fún tòkè díẹ̀, ẹ bọ́ sí tìsàlẹ̀ tó kọjú sí i, ẹ padà wá, títí gbogbo rẹ̀ á fi le dọ́gba. Ẹni tó bá fi páìpù mú sípánà gùn níbí, ó fẹ́ já bóòtù ni.

N ò ní gọ́ọ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dí ojú kọ́fà ò dára. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tú jáde síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́fà ló ń tú sínú, a já bọ́ sínú ọ́ọ̀lì, a dí ojú asẹ́, òkè ẹ́ńjìnnì a sì gbẹ. Ẹ̀bi mẹkáníìkì nìkan kọ́. Àwa la máa ń dúró tì wọ́n pé kí wọ́n ṣe kíá, ọjà ti ń tú.

Pépà gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní abala ṣeé gé fún kọ́fà ẹ̀gbẹ́. Ti orí bílọ́ọ̀kù, tí iná ń jó nínú rẹ̀, ẹ má gé e láé, ẹ rà á. Bí ẹ bá ń lọ ra kọ́fà tuntun ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ararọ̀mí, ní Agodi Gate, ẹ mú kọ́fà àtijọ́ dání. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “ìkan náà ni wọ́n,” ẹ gbé méjèèjì fẹnu kora, ẹ ka ihò wọn kí ẹ tó sanwó.